Kálámù Lọ́wọ́ Àgbẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Kó Ìtàn Àwọn Àgbà Jọ ní Àwọn Erékùṣù Skọ́tílándì

Ní ọdún 1953, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí ìlú Stornoway, ní erékùṣù Lewis. Erékùṣù náà wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Skọ́tílándì, ilẹ̀ tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Écosse. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni wọ́n wá jíròrò lé lórí. Láàárín wọn ni ọkùnrin arúgbó kan wà tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Duncan MacDonald ni orúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ó sì tún ń fi òkúta mọlé. Erékùṣù South Uist ló ti wá. Ó pa ìtàn akọni àtijọ́ kan fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kì í ṣe inú ìwé ló ti kọ́ ìtàn náà. Ẹnu àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Àwọn tó ń kó ìtàn jọ ti gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi àwọn àkọsílẹ̀ náà wéra, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí babaláwo ṣe ń ki ẹsẹ Ifá yóò mọ irú iṣẹ́ tí ọpọlọ Duncan ń ṣe.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1954, Duncan MacDonald kú. Ìtàn rẹ̀ kò bá a wọ ilẹ̀. Ìdí ni pé àwọn kan ti jókòó tì í, wọ́n ti fetí sílẹ̀, wọ́n sì ti kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ wà lára wọn, àgbẹ̀ sì ni òun náà.

Ilé tí wọ́n ti ń pàlọ́

Erékùṣù pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tílándì. Lára wọn ni Lewis, Skye, Raasay, North Uist, Benbecula, South Uist, Barra àti Canna. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ níbẹ̀ gan-an, òjò ń rọ̀, igi kò sì pọ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ ìrà dúdú ni àwọn ènìyàn ń gé bí ẹní gé búlọ́ọ̀kù, wọn a sá a gbẹ, wọn a sì fi dáná. Wọ́n ń ro oko kékeré, wọ́n ń sin àgùntàn àti màlúù, wọ́n sì ń pẹja. Gaelic ni èdè wọn. Gaelic kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rárá. Èdè ilẹ̀ Áílándì ló bá tan.

Ní àsìkò òtútù, ọ̀sán kúrú púpọ̀ níbẹ̀. Kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ń ṣú. Iṣẹ́ oko dáwọ́ dúró. Nígbà náà ni àwọn ará abúlé máa ń kóra jọ sí ilé ẹnìkan tí ó mọ ìtàn. Wọ́n á yí iná ká. Àwọn obìnrin ń ran irun àgùntàn bí a ṣe ń ran òwú, àwọn ọkùnrin ń lọ́ okùn tàbí kí wọ́n máa tún àwọ̀n ṣe. Àṣà wọn ni pé onílé ni yóò kọ́kọ́ pa ìtàn kan. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kàn àlejò, àlejò sì lè máa pa tirẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Àwọn obìnrin tún ní iṣẹ́ kan tí kò ṣeé ṣe láìsí orin. Bí wọ́n bá hun aṣọ irun àgùntàn tán, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pákó gígùn, wọ́n á jókòó yí pákó náà ká, wọ́n á sì máa lù ú mọ́lẹ̀ kí ó lè ki. Ẹnìkan á lé orin, àwọn yòókù á máa gbè é. Inú orin bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ìfẹ́, ìtàn ogun àti orúkọ àwọn tí òkun gbé lọ máa ń wà.

Ìtàn kan wà tí ọ̀pọ̀ erékùṣù mọ̀. Ọkùnrin kan rí àwọn ẹran òkun tí Faransé ń pè ní phoque. Wọ́n gúnlẹ̀ sí etí òkun lóru, wọ́n bọ́ awọ wọn sílẹ̀, wọ́n di obìnrin, wọ́n sì ń jó. Ọkùnrin náà jí awọ ọ̀kan nínú wọn gbé, ó lọ fi pa mọ́. Obìnrin náà kò rí ọ̀nà padà sínú omi mọ́. Ó di aya ọkùnrin náà, ó sì bímọ fún un. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rí awọ náà níbi tí baba fi í pa mọ́ sí, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ó padà sínú òkun, kò sì bọ̀ mọ́. Ní North Uist, ìdílé kan wà tí ń jẹ́ MacCodrum tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ọmọ ẹran òkun náà ni wọ́n.

Ará Kétu tó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìtàn ọdẹ tó jí awọ obìnrin ẹfọ̀n gbé, tó sì lọ fi í pa mọ́ sínú àká, kò ṣàjèjì sí i. Òkun ni tọ̀hún, igbó ni tibí.

Ohun tó fẹ́ pa ìtàn náà run

Láàárín ọdún 1800 sí 1900, ìyà ńlá jẹ àwọn ará erékùṣù wọ̀nyí. Àwọn onílẹ̀ lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń ro, nítorí wọ́n rí i pé àgùntàn ń mú owó wá ju ènìyàn lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kánádà. Abúlé di ahoro, ilé tí wọ́n ti ń pàlọ́ sì dákẹ́.

Ní ọdún 1872, ìjọba ṣe òfin pé kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì lọ sí ilé-ìwé. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Gaelic rárá. Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé. Ní ilé-ìwé mìíràn, wọ́n máa ń na ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, tàbí kí wọ́n so igi kan mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn àgbà tó lọ sí ilé-ìwé ní ayé ìjọba Faransé ní Dahomey kò ní ya ẹnu sí èyí. Àwọn náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní « signal », tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè abínibí lọ́rùn, tí yóò wà lọ́rùn rẹ̀ títí yóò fi gbọ́ èdè náà lẹ́nu ọmọ mìíràn.

Ọmọ tí wọ́n fi ìyà jẹ nítorí èdè rẹ̀ kì í fẹ́ fi èdè náà tọ́ ọmọ tirẹ̀. Èso ohun tí wọ́n gbìn hàn nínú ètò ìkànìyàn. Ní ọdún 1891, àwọn tó ń sọ Gaelic ní Skọ́tílándì lé ní 200,000. Ní ọdún 2011, wọn kò ju nǹkan bí 57,000 lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé kálámù

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Francis Campbell, ọmọ erékùṣù Islay, rí i pé ìtàn ń lọ. Ìdílé ọlọ́rọ̀ ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ Gaelic láti kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìtàn jọ, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́rin láàárín ọdún 1860 sí 1862. Ó tẹ ọ̀pọ̀ ìtàn náà ní Gaelic gan-an, kì í ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Campbell nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ó wá àwọn ènìyàn tó mọ èdè náà, tí àwọn ará abúlé sì fọkàn tán. Ọ̀kan, Hector MacLean, jẹ́ olùkọ́ ní Islay. Èkejì, Hector Urquhart, jẹ́ ẹni tí ń ṣọ́ ẹran ìgbẹ́. Ẹ̀kẹta, John Dewar, jẹ́ alágbàṣe. Òfin tí Campbell fi lélẹ̀ rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti pa mọ́: kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu onítàn, kí wọ́n má ṣe tún un ṣe. Kí wọ́n kọ orúkọ onítàn, iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó ń gbé, àti ẹni tí òun náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Nítorí òfin yìí ni a fi mọ̀ lónìí pé apẹja àti alágbe wà lára àwọn tó pa ìtàn inú ìwé rẹ̀.

Alexander Carmichael tẹ̀ lé e. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń gba owó-orí lórí ọtí ni, iṣẹ́ náà sì ń gbé e káàkiri àwọn erékùṣù. Àdúrà, ọfọ̀ àti ìwúre ló kó jọ jù lọ: èyí tí wọ́n ń sọ bí wọ́n bá ń bo iná mọ́lẹ̀ lálẹ́, èyí tí wọ́n ń sọ bí wọ́n bá ń fún wàrà màlúù, èyí tí wọ́n fi ń wo ojú tó ń dunni. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1900. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìgbà tó yá fi ìwé náà wé àkọsílẹ̀ tó kọ lọ́wọ́, wọ́n rí i pé ó ti fọwọ́ kan ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kí wọ́n lè dùn sí i. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti wà: èwo ni ohùn àgbà, èwo sì ni ohùn Carmichael? Ẹni tó bá ń ṣe ọ̀rọ̀ àgbà lọ́ṣọ̀ọ́ lè sọ ọ́ nù níbi tó ti ń tọ́jú rẹ̀.

Nínú ilé ìdáná àwọn obìnrin

Kì í ṣe ọmọ erékùṣù nìkan ló ṣe iṣẹ́ yìí. Margaret Fay Shaw jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ó lọ gbé ní South Uist láti ọdún 1929 sí 1935, lọ́dọ̀ obìnrin méjì kan, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tí wọ́n ní oko kékeré. Kò dé bí ẹni tó wá béèrè ìbéèrè kí ó tó máa lọ. Ó bá wọn ṣiṣẹ́, ó kọ́ èdè wọn, ó ń gbọ́ orin bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó mọ bí a ṣe ń kọ ohùn orin sílẹ̀. Nítorí náà ó kọ ọ̀rọ̀, ó sì kọ ohùn pẹ̀lú. Ìwé rẹ̀ lórí orin àti àṣà South Uist jáde ní ọdún 1955.

Ní ọdún 1935, ó fẹ́ John Lorne Campbell, ẹni tí òun náà ń kó ìtàn Gaelic jọ. Ní ọdún 1937, tọkọtaya náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbà náà kì í lo téèpù. Orí ọ̀pá róbótó kan tí a fi ìda ṣe ni abẹ́rẹ́ ti máa ń kọ ohùn. Wọ́n gbé e lọ sí Nova Scotia ní Kánádà, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tó ti kúrò ní Barra àti South Uist ṣì ń kọ orin tí àwọn baba ńlá wọn gbé sọdá òkun. Ní ọdún 1938, John Lorne Campbell ra erékùṣù Canna. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti tọ́jú ohun tí wọ́n kó jọ, wọ́n sì fi erékùṣù náà àti gbogbo àkójọ wọn lé àjọ tí ń dáàbò bo ogún ilẹ̀ Skọ́tílándì lọ́wọ́ ní ọdún 1981.

Ẹni tó ń sáré bá àkókò du

Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ jù lọ ni Calum Maclean. Wọ́n bí i ní ọdún 1915 ní erékùṣù Raasay, Gaelic sì ni èdè ilé wọn. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Áílándì. Níbẹ̀ ni ó ti rí ohun tí kò sí ní ilẹ̀ tirẹ̀: ìjọba Áílándì ti dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 1935 tí ń san owó fún àwọn tó ń kó ìtàn àgbà jọ. Àjọ náà gba Maclean síṣẹ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n rán an padà sí àwọn erékùṣù Skọ́tílándì pẹ̀lú ẹ̀rọ onída kan náà.

Bí ó bá gba ìtàn sórí ìda lálẹ́, yóò tún fetí sí i lọ́sàn-án, yóò sì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú ìwé. Owó kò tó láti máa ra ìda tuntun. Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ ìtàn tán, wọ́n máa ń fá ojú ìda náà kí wọ́n lè tún un lò. Báyìí ni ohùn ọ̀pọ̀ àgbà ṣe parẹ́. Ìwé tí Maclean fọwọ́ kọ ni ó kù.

Ní erékùṣù Benbecula, ó pàdé àgbà kan tí ń jẹ́ Angus MacMillan. Ìtàn ọkùnrin yìí gùn. Èyí tó gùn jù nínú wọn gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án kí ó tó parí. Ìtàn tí ẹnìkan ń fi odindi alẹ́ pa kò ṣeé gbà fún ẹni tí ń kánjú. Maclean kì í kánjú. Ó ń jókòó, ó ń mu tíì, ó ń gbọ́ ìròyìn ilé kí ó tó bèèrè ìtàn.

Ní ọdún 1951, Yunifásítì Edinburgh dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ fún àṣà àti ìtàn Skọ́tílándì. Calum Maclean ni akójìtàn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà. Téèpù ti dé nígbà náà. Wọn kò ní láti fá ohùn ẹnikẹ́ni kúrò mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kò pẹ́ tí àrùn jẹjẹrẹ mú un. Ní ọdún 1957, àwọn dókítà gé apá rẹ̀ kan. Ó tún padà sọ́dọ̀ àwọn onítàn, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó kú ní South Uist ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Láàárín àwọn ènìyàn tó ti ń gba ìtàn lẹ́nu wọn ni wọ́n sin ín sí.

Ọmọ tó kọ̀wé fún baba

Ọ̀rọ̀ tún padà sọ́dọ̀ Duncan MacDonald. Ó ní ọmọkùnrin kan, Donald John. Donald John lọ sógun. Ní ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì mú òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Skọ́tílándì ní ìlú Saint-Valéry-en-Caux, ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún márùn-ún ló lò ní ìgbèkùn. Nígbà tó padà délé, ó tún gba ọkọ́ àti àgùntàn rẹ̀. Ó ń kéwì pẹ̀lú. Ní ọdún 1948, ó gba adé akéwì níbi ìdíje ńlá àwọn elédè Gaelic.

Ní àwọn ọdún 1950, ilé ìwádìí ní Edinburgh bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa kọ ohun tí àwọn àgbà àdúgbò rẹ̀ mọ̀. Ó gbà. Ó ń ro oko lọ́sàn-án, ó ń kọ̀wé lálẹ́. Ó kọ ìtàn baba rẹ̀, ó kọ ti arákùnrin baba rẹ̀ àti ti àwọn aládùúgbò. Ó kọ orin, òwe, orúkọ òkè àti orúkọ àpáta. Ohun tó kọ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ yìí bí ó ṣe ṣe é. Ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, ó mọ ẹni tó yẹ kí ó bi, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́.

Kànga tí kò gbẹ

Ní ọdún 2010, wọ́n ṣí ojú-òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ Tobar an Dualchais. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni Kànga Àjogúnbá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohùn ló wà níbẹ̀, láti ilé ìwádìí Edinburgh, láti Canna àti láti ilé-iṣẹ́ rédíò BBC. Olùkọ́ ń lò wọ́n nínú kíláàsì, akọrin ń kọ́ orin níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ baba àgbà rẹ̀ lè gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀. Ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fi Gaelic kọ́ ọmọ wà nísinsin yìí. Ewu kò tíì kúrò lórí èdè náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jà fún un ní ohun tí wọ́n lè dì mú.

Ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́, àwọn àgbà tó mọ oríkì orílẹ̀, ìtàn ìdásílẹ̀ abúlé, àlọ́ àti orin ẹfẹ̀ ṣì wà láyé. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Síbẹ̀, ìkéde kì í kọ orin sílẹ̀. Ènìyàn ló ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ náà kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ìwé àjákọ kan àti kálámù kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ alágbèéká bá wà tó lè gba ohùn sílẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Akójìtàn á kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àgbà, nítorí ọ̀rọ̀ wà tí kì í ṣe fún gbogbo etí, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un. Á kọ orúkọ àgbà náà, abúlé rẹ̀, ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tó kọ́ ọ. Á kọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ka èdè tí àgbà fi sọ ọ́, kò ní fi èdè ìlú mìíràn rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á kà á padà sí etígbọ̀ọ́ àgbà, kí ó lè tún ohun tó bá ṣì ṣe.

Ẹni tó ti kọ́ lẹ́tà ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, tó sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ láìgbọ̀n, ti ní ohun tí Donald John MacDonald lò. Ìyá àgbà wà nínú ilé. Òun náà ń dúró de ẹni tí yóò bèèrè.